Ó Wà O!

Ọmọ mẹ́sàn-án ni mo kà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú Máíkírà kan ṣoṣo lẹ́nu géètì iléèwé wa láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Mo kọ́kọ́ rò pé mo ṣì í kà ni. Mẹ́ta jáde níwájú. Èyí tó kéré jù nínú wọn ti jókòó lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítan, iwájú orí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan dígí. Mẹ́fà tú jáde lẹ́yìn, báàgì ń já bọ́, bàtà ẹnìkan há sábẹ́ àga, wọ́n ń bá a fà á yọ. Dẹ́rẹ́bà kò paná ọkọ̀. Ó gbowó rẹ̀, ó ṣẹ́rí padà sí ọ̀nà Òjóò, ó tún lọ kó òmíràn. Àwọn ọmọ náà gbọn yunifọ́ọ̀mù wọn nù, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sáré lọ tò. Lójú gbogbo wa tó dúró níbẹ̀, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, bí ọmọ ṣe ń wá sí iléèwé nìyẹn.

Agùnbánirọ̀ ni mí nígbà náà, láàárín ọdún 2023 sí 2024. Èkó ni mo dàgbà sí, dáńfó ni mo mọ̀. Ìjọba wá gbé mi wá sí Ìbàdàn láti sin ilẹ̀ baba mi, wọ́n fi mí sí iléèwé girama kan lójú ọ̀nà Òjóò sí Mónìyà, wọ́n ní kí n máa kọ́ wọn ní Físíìsì. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Àǹtí Kọ́pà. Ẹni tí kò bá gbé Ìbàdàn rí lè má mọ ohun tí Máíkírà jẹ́ fún ìlú yẹn. Nissan Micra ni, mọ́tò kékeré báyìí, òun ló ń ṣe takisí ní gbogbo kọ̀rọ̀ láti Dùgbẹ̀ dé Akọ́bọ̀. Àga kan ló wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, ṣùgbọ́n ènìyàn méjì ni wọ́n ń gbé síbẹ̀. Bẹ́líìtì kan, ènìyàn méjì. Bó bá wá jẹ́ ọmọ iléèwé ni, dẹ́rẹ́bà á ní, "Ọmọdé ni yín, ẹ sún mọ́ra yín," á sì di mẹ́ta.

Ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ ni agùnbánirọ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ ìlú. Oríṣiríṣi ẹgbẹ́ ló wà tí mo lè wọ̀. Èyí tó ń bá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ṣiṣẹ́ ni mo yàn. Mo nídìí tí mo fi yàn án. Màá sọ ọ́ bí a bá débẹ̀.

Oṣù kọkànlá ni mo mú fún ìpolongo náà, nítorí pé ọjọ́ Àìkú kẹta nínú oṣù yẹn ni gbogbo ayé fi ń ṣèrántí àwọn tí jàǹbá ojú pópó pa. Mo múra sílẹ̀ gidi. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára bébà ńlá pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní láti ọmọ ọdún 5 títí dé ẹni ọdún 29, kò sí ohun tó ń pa wọ́n lágbàáyé tó jàǹbá ọ̀nà. Mo sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Eré àsápajúdé kò dáa. Ẹni tó mutí kò gbọdọ̀ wakọ̀. Ẹni tó ń wakọ̀ kò gbọdọ̀ tẹ fóònù. Nígbà tí mo ní kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀, ọmọbìnrin SS2 kan dìde lẹ́yìn.

"Àǹtí Kọ́pà, ẹ ṣeun ma. Ṣùgbọ́n àwa kọ́ la ń wa mọ́tò."

Ó jókòó. Kò sí àfojúdi nínú ohùn rẹ̀, ohun tó rí ló sọ. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, mi ò rí nǹkan fi dá a lóhùn. Gbogbo pátákó tí mo ti rí lójú títì láti kékeré, gbogbo ìpolówó orí rédíò, dẹ́rẹ́bà ni wọ́n ń bá wí. Dẹ́rẹ́bà, rọra. Dẹ́rẹ́bà, má mutí. Láti ọdún 11 tí ọmọ ti wọ JSS1 títí di ọdún 18 tí òfin Nàìjíríà fi lè fún un níwèé ìwakọ̀, èrò ni. Ọdún méje gbáko ló fi ń jókòó sínú mọ́tò ẹlòmíràn lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ ohun kan fún un ju pé kó gbàdúrà kí ọkọ̀ tó gbéra. Àdúrà dára, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àmín ńkọ́?

Mo ní màá sọ ìdí tí mo fi yan ẹgbẹ́ yẹn. Ọmọ ọdún 15 ni mí, èmi náà wà ní SS2, nígbà tí èmi àti àbúrò ìyá mi ń ti Èkó lọ síbi òkú kan n'Ìkìrun. Bọ́ọ̀sì akérò la wọ̀. Ẹ̀yìn dẹ́rẹ́bà gan-an ni mo jókòó sí, àǹtí mi wà ní ìlà tó tẹ̀ lé tiwa. Ìyá kan tí n kò mọ̀ rí ló jókòó tì mí, ó ń bó ẹ̀pà sísè fún mi jẹ láti ìgbà tí a ti kọjá Ìbàfò. A kọjá Ìbàdàn, oòrùn mú, gbogbo ọkọ̀ ń sùn. Mo gbójú sókè, mo rí ojú dẹ́rẹ́bà nínú dígí tó wà lókè orí rẹ̀. Ó ń pa dé. Á là, á tún pa dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tó yá, mo ń kà á dé mẹ́ta kó tó tún là.

Mo la ẹnu. Mo rántí dáadáa pé mo la ẹnu. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé, kí ni màá wí? Ọkùnrin náà á ju bàbá mi lọ. Ṣé kí n ní, "Bàbá, ẹ ti ń sùn"? Lójú gbogbo èrò? Láti kékeré ni wọ́n ti ń kì í sí wa létí pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo pa ẹnu mi dé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ̀ yà kúrò lójú títì, ó gba inú koríko, ó sì lọ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú kòtò. Kò sẹ́ni tó kú, mo ń dúpẹ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ ń yà, ìyá ẹlẹ́pà na ọwọ́ rẹ̀ kọjá láyà mi, ó fi gbá mi mọ́ àga. Mo gbọ́ bí ọwọ́ náà ṣe kán. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n ń ṣẹ́ igi gbígbẹ fún ìdáná. Èèpo ẹ̀pà kún gbogbo ara àwa méjèèjì. Kò sí bẹ́líìtì kankan ní ìlà wa nínú ọkọ̀ yẹn. Ọwọ́ ìyá yẹn ni bẹ́líìtì mi. N kò mọ orúkọ rẹ̀. N kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan àǹtí mi, pé mo ti rí ojú dẹ́rẹ́bà kó tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn ọmọ SS2 yẹn ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kíláàsì dákẹ́ lọ gbári. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọ̀kan ní dẹ́rẹ́bà tó gbé òun láàárọ̀ yẹn ń wo fídíò lórí fóònù tó gbé ka iwájú. Ọ̀kan ní ọlọ́kadà tó gbé òun àti àbúrò òun gba ojú ọ̀nà tí kò yẹ kó gbà, tírélà sì ń bọ̀. Ọ̀kan ní òórùn ọtí ni òun kọ́kọ́ gbọ́ kí òun tó jókòó, òun sì jókòó náà, torí pé òun ti pẹ́. Gbogbo wọn ló rí i. Gbogbo wọn ló dákẹ́. Ọmọbìnrin tó ti sọ pé àwọn kọ́ ló ń wa mọ́tò ló wá béèrè pé, "Ṣé a lè wá ohun tí ọmọ lè sọ tí kò ní dà bí àfojúdi?"

Ọjọ́ yẹn ni ìpolongo náà kúrò lọ́wọ́ mi, tó di tiwọn. Wọ́n yan ọmọ méjìlá, wọ́n fi ọmọbìnrin yẹn ṣe olórí. Mo sọ fún wọn bí a ṣe ń ké sí kọ́ńdọ́, "Ó wà o!", bí a bá fẹ́ sọ̀ l'Ékòó. Wọ́n ní Ìbàdàn náà ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo èrò mọ̀ tí wọ́n sì lè ké láìbẹ̀rù, ọmọdé ni o, àgbà ni o, kò sì sí dẹ́rẹ́bà tó lè bínú sí i. Wọ́n fi í sọ orúkọ ìpolongo wọn.

Iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe lé e lórí ni mo ṣì ń rò títí di òní. Ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí iléèwé bá parí, wọ́n á to àga márùn-ún sábẹ́ igi máńgòrò bí ìjókòó Máíkírà. Ọmọkùnrin kan á fi tówẹ̀lì kọ́rùn, á di ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì mú bí sítíárì, òun ni dẹ́rẹ́bà. Àwọn yòókù á máa gbìyànjú ọ̀rọ̀ lára rẹ̀. Àṣẹ tí wọ́n fún un ni pé kó dáhùn bí dẹ́rẹ́bà gidi yóò ṣe dáhùn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe, torí pé dẹ́rẹ́bà ni bàbá rẹ̀.

Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀: "Ẹ ń sáré jù sà."

"Ta ló kọ́ ẹ ní mọ́tò? Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí mo ti ń wà á. Ìwọ ọmọ àná."

Òmíràn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ rọra máa lọ."

Ó pòṣé, ó tún tẹná mọ́ ọn.

Wọ́n gbìyànjú ìkìlọ̀, wọ́n gbìyànjú òfin, ẹnìkan tilẹ̀ dárúkọ Róòdù Séfútì. Dẹ́rẹ́bà abẹ́ máńgòrò kò gbọ́. Ọmọ JSS3 kan tó ti dákẹ́ láti àárọ̀, ọmọ tó rẹlẹ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́, wá gbóhùn sókè láti ẹ̀yìn: "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ń bà mí."

Ọmọkùnrin náà yíjú wẹ̀yìn. Ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Èyí ni bàbá mi máa gbọ́."

Gbogbo wa ló yé. Bí o bá sọ fún àgbàlagbà pé ó ń sáré, o ti dá a lẹ́jọ́, ó sì gbọ́dọ̀ gbèjà ara rẹ̀ lójú èrò. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ní ẹ̀rù ń ba òun, ó ti sọ ọ́ di bàbá, ó wá kù sọ́wọ́ rẹ̀ bóyá irú bàbá tó fẹ́ jẹ́ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ ilé tí mo rò pé ó dí mi lẹ́nu nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 15, inú rẹ̀ náà ni àwọn ọmọ yìí ti yọ gbólóhùn tó lè gba ẹ̀mí là. Mo lọ jókòó sí ọ́fíìsì àwọn olùkọ́, mo sunkún díẹ̀.

Wọ́n rí i pé gbólóhùn kan kò tó. Ohùn ọmọ kan ṣoṣo, ariwo ẹ́ńjìnnì lè bò ó mọ́lẹ̀. Olórí wọn ní, "Ó dà bí orin, Àǹtí. Ẹnìkan á lé e, àwa tó kù á gbè é." Ó di òfin láàárín wọn: bí ọmọ iléèwé wa kan bá sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, ọmọ iléèwé wa yòówù tó bá wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ dákẹ́, ìbáà jẹ́ JSS1, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ń bínú síra wọn. Ó gbọ́dọ̀ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, ẹ jọ̀ọ́." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bí ègbè bá ti dún, àgbàlagbà kan nínú ọkọ̀ náà á gbè é. Ìyá ọlọ́jà kan á ní, "Dẹ́rẹ́bà, o ò gbọ́ ohun tọ́mọ ń sọ?" Àwọn àgbà náà ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí, ẹni tó máa lé orin ni wọn ò rí.

Tí dẹ́rẹ́bà bá wá kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́? Kí wọ́n sọ̀. Ó wà o. Ọmọkùnrin kan wá dìde, ó ní, "Bí mo bá sọ̀, owó mi ti lọ nìyẹn. Kí ni màá sọ nílé?" Òun nìkan ló ní ìgboyà láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìṣòro gbogbo wọn ni. Ọmọ tó jẹ́ pé iye owó ọkọ̀ gan-an ni wọ́n kà lé e lọ́wọ́, ṣé o lè ní kó sọ̀ kalẹ̀ ní Sásá kó sì fẹsẹ̀ rìn? Mo rò pé màá bá ọ̀gá iléèwé sọ ọ́. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn bí ìyá wọn ṣe ń dá àjọ lọ́jà. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ẹni tó bá ní á mú náírà 50 wá. Ọmọbìnrin SS1 kan tí ìyá rẹ̀ ń ta ata ló ń tọ́jú rẹ̀ sínú agolo Mílò, ó sì ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọ́ sí. Owó ìsọ̀kalẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá sọ̀ nínú ọkọ̀ nítorí ewu á wá ròyìn, wọ́n á fún un ní owó ọkọ̀ rẹ̀ padà, wọn ò ní bi í léèrè jù. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, agolo yẹn ni mo fẹ́ràn jù lọ.

Ibi tí mo wúlò sí ni Físíìsì. Mo ní kí àwọn JSS1 kan mọ́tò agolo wá, èyí tí gbogbo wa kàn nígbà kékeré: agolo sàdíìnì ni ara rẹ̀, sálúbàtà gígé ni ẹsẹ̀ rẹ̀. A fi pátákó gùn lé bẹ́ǹṣì, a gbé òkúta sí ìsàlẹ̀. Ẹyin méjì ni èrò. Ọ̀kan, a fi rọ́bà dè é mọ́ mọ́tò; ìkejì, a kàn gbé e jókòó. Láàárọ̀ tí gbogbo iléèwé tò sí iwájú pátákó náà, a yọwọ́ lára mọ́tò àkọ́kọ́. Ó yí lọ, ó kọ lu òkúta, gbàmù. Ẹyin tí a dè mì, ó dúró. A yọwọ́ lára ìkejì. Mọ́tò dúró níbi òkúta, ẹyin kò dúró. Ó fò lọ, ó balẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, pupa rẹ̀ ṣàn. Ọmọ kékeré kan níwájú ké, "Yéè!", ó sì bo orí ara rẹ̀.

Mo wá ṣàlàyé ohun tí ojú wọn ti rí. Mọ́tò ló ní bíréèkì, ara rẹ kò ní. Bí mọ́tò bá ń sá kìlómítà 50 láàárín wákàtí kan, ìwọ náà ń sáré nǹkan bíi mítà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá dúró lójijì, eré yẹn ṣì wà lára rẹ, ó sì dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tó já bọ́ láti òkè tó tó mítà 10, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta. Bẹ́líìtì tó gba èjìká kọjá sí ìbàdí, tí Nils Bohlin, ẹnjiníà Volvo, ṣe lọ́dún 1959, iṣẹ́ rọ́bà yẹn ló ń ṣe: ó ń dá ara dúró pẹ̀lú mọ́tò, ó sì ń gbé ẹrù náà lé egungun tó lè gbà á. Ó lè dín ewu ikú èrò kù tó ìdajì. Mo tún sọ èyí tó kan àwọn tó ń jókòó lé ara wọn nítan: ọmọ tó wà lórí itan ni yóò kọ́kọ́ kan dígí, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò sì tẹ̀ ẹ́ pa. Kò dùn ún sọ fún ọmọdé. Mo sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá bẹ́líìtì nínú Máíkírà. Abẹ́ aṣọ àga ni wọ́n ti ń fà á yọ, eruku bò ó, òmíràn kò ní ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀ mọ́. Ti iwájú ló wà dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn dẹ́rẹ́bà kan kàn ń gbé e lé àyà bí wọ́n bá ti rí Róòdù Séfútì lọ́ọ̀ọ́kán ni.

Ọ̀rọ̀ akoto ọ̀kadà gba ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó bá dàgbà tó á rántí oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí ìjọba ní dandan ni kí ọlọ́kadà àti èrò máa dé e, tí àwọn ọlọ́kadà kan ń dé igbá, tí àwọn mìíràn ń dé agolo ọ̀dà, tí àwọn èrò sì ń sọ pé àwọn ò lè fi orí àwọn sínú akoto ẹni ẹlẹ́ni kí wọ́n má baà fi àwọn ṣòògùn owó. Àwọn ọmọ iléèwé wa kò sọ ti oògùn. Làpálàpá ni wọ́n ń sọ, àti òógùn orí ẹni tó dé e kọjá, àti irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Kí ni èèyàn máa fi dá wọn lóhùn, òótọ́ ni wọ́n sọ. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní ìdáná àti aṣọ rírán kó àjákù ańkárá jọ, wọ́n rán fìlà pẹlẹbẹ kan tó ṣeé tẹ̀ sínú àpò, tí ọmọ lè dé kó tó dé akoto. Àwọn obìnrin rán tiwọn fẹ̀ nítorí irun. Ìyẹn ṣiṣẹ́ ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ nípa ọpọlọ lọ.

Bàbá kan tó ń kọ́ wọn ní ìtàn, tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, wá jókòó ti wa lábẹ́ máńgòrò lọ́jọ́ kan, ó ní ohun tí wọ́n ń ṣe yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó sọ fún wọn bí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ṣe ń pa àwọn ará yunifásítì láyé àwọn, títí Wọlé Ṣóyínká tó ń ṣe olùkọ́ n'Ífẹ̀ fi ní òun ò lè máa wò ó bẹ́ẹ̀, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977. Maja-Maja ni àwọn ará ìlú ń pè wọ́n. Ní 1988 ni ìjọba àpapọ̀ wá dá ti gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀, wọ́n sì fi Ṣóyínká yẹn kan náà ṣe alága. "Inú ọgbà iléèwé ló ti bẹ̀rẹ̀," ni bàbá náà wí, ó sì dìde lọ. N kò rí ohun tó wú àwọn ọmọ náà lórí tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ bá àwọn dẹ́rẹ́bà ní gáréèjì. Ẹ̀rù bà mí. A lọ, ọmọ mẹ́fà àti èmi. Àwọn ọmọbìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, alága gáréèjì ní kí wọ́n dìde. Wọ́n sọ tẹnu wọn. Dẹ́rẹ́bà kan tó ti hewú fara balẹ̀ gbọ́ wọn, ó wá ní kí wọ́n bá òun ṣírò. Kí wọ́n tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, lítà epo kan kò tó náírà 200. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti lé ní 500. Owó ẹni tó ni mọ́tò ń dúró de òun lálẹ́. Táyà ń dúró. "Ẹni kejì tó ń jókòó níwájú yẹn," ó ní, "òun ni epo. Bí n bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ni màá fi owó rẹ̀ kún tiyín. Ṣé àwọn ìyá yín á san án?"

Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn, torí pé òótọ́ ni. Olórí wọn ló wá kúnlẹ̀ padà. Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá, inú mọ́tò yín ni ọjà tiwa."

Gáréèjì dákẹ́ díẹ̀. Ohun tí wọ́n jọ fi àdéhùn sí ni pé kò ní sí ọmọ JSS níwájú mọ́, kò ní sí ọmọ lórí itan ọmọ, dẹ́rẹ́bà tó bá sì gbé yunifọ́ọ̀mù kò ní gbé fóònù. Méjì ṣì ń jókòó níwájú. N kò gbà pé ó tọ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ náà bí a ṣe ń padà bọ̀. Wọ́n ní àwọn náà mọ̀. Àwọn kan pa àdéhùn náà mọ́, àwọn kan kò pa á mọ́, ó sì yá mi lára nígbà tí mo ka ọmọ márùn-ún tó sọ̀ nínú Máíkírà kan láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò sì sí ẹnikẹ́ni lórí itan.

Ibi kan wà tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí. Bàbá ọmọ kan wá sí iléèwé pẹ̀lú ìbínú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fẹ́ gbé ọmọ náà délé láti òde àríyá, ọkùnrin náà ti mu ọtí, ọmọ náà sì kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí, ó ní ẹ̀rù ń ba òun, òun á dúró de ìyá òun. Wọ́n ní ó dójú ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Wọ́n gbá a létí. Mo kúnlẹ̀ bẹ bàbá náà ní ọ́fíìsì ọ̀gá, mo bẹ̀ ẹ́ fún ìtìjú tó bá ìdílé rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ọmọ náà pé ohun tó ṣe kò dáa. N kò sọ ọ́. Títí mo fi kúrò ní iléèwé yẹn, bàbá náà kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wá sábẹ́ máńgòrò mọ́. Ọmọ yẹn ń mú náírà 50 rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ tí mo parí ìsìnrú ìlú mi, wọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, mo wọ bọ́ọ̀sì Èkó. Ìlà kejì lẹ́yìn dẹ́rẹ́bà ni mo jókòó sí. Mo wá bẹ́líìtì, mo rí i, mo dè é. A ti fẹ́ dé Ògèrè nígbà tí fóònù dẹ́rẹ́bà dún. Ó gbé e, ó fi èjìká há a mọ́ etí, ó ń wá nǹkan nínú àpò pẹ̀lú ọwọ́ kan, tírélà sì wà níwájú wa. Mo wo àwọn èrò. Gbogbo wọn ló ń wò ó.

Àyà mi ń lù kìkì. Ẹni ọdún 24 ni mí, mo ti gba oyè yunifásítì, ọ̀fun mi sì gbẹ bí ti ọmọ ọdún 15.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ń bà mí."

Ó wò mí nínú dígí. Ó pòṣé. Kò sí ọmọ iléèwé wa kankan nínú ọkọ̀ láti gbè é. Mo dúró. Lẹ́yìn mi lọ́hùn-ún, ní ìlà tó kẹ́yìn, ohùn ọkùnrin kan ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o, dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́." Obìnrin kan náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ju fóònù náà síwájú, kò sọ nǹkan kan, ó di ọwọ́ méjèèjì mú.

N kò sùn títí a fi dé Bẹ́gà. Mo gbé báàgì mi, mo ké sí i pé ó wà o.